Oṣù Wo Ló Dáa Láti Gun Òkè Ìdànrè? Ẹ Gbọ́ Ohun Tójú Mi Rí Lẹ́ẹ̀mẹta

Lẹ́tà kan ti wà lórí tábìlì mi láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Ìbàdàn ló kọ ọ́. Ó ní kí n má dárúkọ òun, kí n má sì dárúkọ ọjà tóun wà, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wọn. Obìnrin mẹ́tàlélógún ni wọ́n. Ó ti lé lọ́dún kan tí wọ́n ti ń dá owó jọ díẹ̀díẹ̀, pé àwọn náà fẹ́ ṣíwọ́ ọjà fún ọjọ́ méjì, káwọn lọ gbafẹ́ lórí Òkè Ìdànrè táwọn ọmọ wọn máa ń fi fọ́tò rẹ̀ hàn wọ́n lórí fóònù.

Owó ti pé. Bọ́ọ̀sì ti wà. Ọjọ́ tí wọ́n máa lọ ló kù, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà. Ìyá Ẹgbẹ́ ní Mọ́ńdè Àjíǹde ló dáa, torí pé ọjà kì í fi bẹ́ẹ̀ tà lọ́jọ́ náà. Akápò ní ó di inú oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, tí àwọn ọmọ á wà nílé, tí wọ́n á lè bá wọn jókòó ti ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan ní ọ̀sẹ̀ Kérésì ni àwọn fẹ́. Ìyá tó kọ̀wé ní ní tòun o, orúnkún òsì ń dun òun, òun ò sì fẹ́ kí wọ́n gbé òun wálé bí ẹrù. Ìbéèrè rẹ̀ kò gùn: "Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn tẹ́ ẹ máa ń rìn káàkiri, oṣù wo gan-an ló dáa?"

Màmá, ẹ ṣeun. Ẹ̀ẹ̀mẹta lèmi ti gun òkè yẹn, nínú oṣù mẹ́ta tó yàtọ̀ síra wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àfi bí ẹni pé òkè mìíràn ni mo lọ gùn. Nínú ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn, ẹ̀kan wà tó jẹ́ pé díẹ̀ báyìí ló kù kí wọ́n gbé èmi náà wálé bí ẹrù. Nítorí náà, mo ní ohun tí mo lè sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ibi tí à ń wí, torí pé ẹlòmíì á rò pé bí Olúmọ ni. Olúmọ ti Abẹ́òkúta dáa, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n ìjọba ti ṣe ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè síbẹ̀, ìlú sì wà nídìí rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Ti Ìdànrè kì í ṣe òkè kan, ìlú òkè ni. Láti Àkúrẹ́ síbẹ̀ kò tó ogún máìlì. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń sún mọ́ ọ̀hún lẹ ó máa rí àpáta ràbàtà-ràbàtà tó yọrí sókè láàárín igbó, wọ́n dúdú, orí wọn pá bí orí bàbá àgbà. Ibi gíga wọn tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà, tí a bá kà á láti etí òkun. Láàárín wọn ni àfonífojì wà, odò kéékèèké, àti oko kòkó lọ́tùn-ún lósì, torí pé Ìdànrè wà lára ibi tí kòkó ti ń jáde jù nílẹ̀ wa.

Lórí òkè yẹn ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé tẹ́lẹ̀. Ùfẹ̀ Òkè ni wọ́n ń pe ìlú náà, torí pé ìtàn wọn sọ pé Ifẹ̀ ni wọ́n ti wá. Wọ́n ní ẹni tó kọ́kọ́ rí àwọn àpáta náà ló pariwo pé "Ìdàn rè é!" Nígbà tí ogun ń da ilẹ̀ Yorùbá láàmú, ẹ tún un rò wò, ta ni yóò gbé ìbọn lórí, gbé oúnjẹ lẹ́yìn, kó wá máa gun irú òkè bẹ́ẹ̀ lọ bá wọn jà? Kò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, sí Odòde, Aládé àti Àtòsín. Ààfin Ọwá àtijọ́ ṣì wà lókè níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn òpó tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára. Ilé ẹjọ́ ayé òyìnbó wà níbẹ̀, ilé agogo wà níbẹ̀, sàréè àwọn ọba wà níbẹ̀. Láti ọdún 2007 ni ìjọba ti fi orúkọ òkè náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ UNESCO, ó sì wà nínú ìwé àwọn ibi tó ń dúró kí wọ́n kà wọ́n mọ́ ogún gbogbo ayé.

Àtẹ̀gùn tẹ́ ẹ máa gùn lé ní 600. Ẹ má jẹ́ kíyẹn já yín láyà, ibi ìsinmi wà lọ́nà. Ohun tí àwọn tó ń ya fọ́tò kì í sọ fúnni ni pé tẹ́ ẹ bá gun àtẹ̀gùn tán, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Láti ibẹ̀ lọ, orí àpáta lásán lẹ ó máa rìn, ẹ ó máa gòkè, ẹ ó máa sọ̀, kẹ́ ẹ tó dé ààfin, kẹ́ ẹ tó dé ibi ẹsẹ̀ Agbóògùn tó wà lára òkúta. Ibẹ̀ ni oṣù tẹ́ ẹ yàn máa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

ỌWỌ́ TÉLỌ̀ TÓ ṢẸ́

Oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 2016 ni mo kọ́kọ́ lọ. Ọkùnrin kan tó máa ń kó èrò lọ gbafẹ́ ló gba owó lọ́wọ́ wa. Ó ní aago mẹ́jọ àárọ̀ la máa wà nídìí òkè. Aago kan ọ̀sán ti kọjá ká tó dé ibẹ̀. Sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ mi, torí mo rò pé ìgbafẹ́ ni.

Mi ò ní parọ́, òkè náà rẹwà lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo ewéko tutù yọ̀yọ̀. Omi tín-ín-rín ń ṣàn kalẹ̀ lára àpáta káàkiri, ó ń dán nínú oòrùn bí ẹni da òróró sí i. Gbogbo wa ń ya fọ́tò. Àṣé omi tó ń dán yẹn gan-an ni ọ̀tá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Nílẹ̀ Oǹdó, òjò máa ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù Máàṣì sí Ọ̀kítóbà. Ó máa ń le jù nínú Júùnù àti Júláì, yóò wá dẹwọ́ díẹ̀ nínú Ọ́gọ́ọ̀sì, yóò sì tún le ní Sẹ̀tẹ́ńbà. Àpáta kì í mu omi. Ibi tí omi bá ti ń gbà lójoojúmọ́, ewédò á hù síbẹ̀, á tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ ara òkúta. Bí oòrùn bá ràn fún wákàtí kan, ojú rẹ̀ á gbẹ, ẹ ó rò pé ilẹ̀ gbígbẹ ni. Ẹ gbé ẹsẹ̀ lé e, ó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Àwọn ọmọ ìlú mọ̀ ọ́n: ibi tí òkúta bá ti ṣe ìlà dúdú gbọọrọ, wọn kì í tẹ̀ ẹ́. Èmi ò mọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Ìdí ni mo fi yọ̀ lọ, ó tó gígùn yàrá kan, kí ọmọkùnrin tó ń mú wa kiri tó di ẹ̀wù mi mú. Ṣòkòtò mi ya níwájú àwọn obìnrin. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín kò tíì tán lẹ́nu wa tí télọ̀ kan tó wà lẹ́yìn mi fi ṣubú. Ó fẹ́ fi ọwọ́ gba ara rẹ̀ dúró ni. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́, a gbọ́ ọ báyìí, "kẹ́!" Ọwọ́ ọ̀tún ni. Ọwọ́ tó fi ń di sáàsì mú.

Gèlè rẹ̀ la fi dì í, pẹ̀lú igi méjì tí ọmọkùnrin yẹn gé nínú igbó. Bá a ṣe ń ṣe ìyẹn, òkùnkùn ṣú lójú ọ̀run, àrá sì sán. Ẹ̀yin èèyàn mi, àrá téèyàn gbọ́ látinú ṣọ́ọ̀bù kọ́ ló jọ àrá téèyàn gbọ́ lórí àpáta tí kò sí igi, tí kò sí ilé. Mànàmáná máa ń wá ohun tó bá ga jù, lọ́jọ́ náà sì rèé, àwa la ga jù. Ó lé ní wákàtí méjì ká tó gbé télọ̀ yẹn dé ìsàlẹ̀, nínú òjò, lórí àtẹ̀gùn tó tutù, tó ń pariwo ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá fara kàn án. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn, àmọ́ ó tó oṣù mẹ́ta kó tó lè gé aṣọ. Oṣù mẹ́ta yẹn ló gba Ọ̀kítóbà, Nòfẹ́ńbà àti Dìsẹ́ńbà mọ́ra. Ẹ̀yin télọ̀ tó ń ka ìwé yìí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Owó iṣẹ́ ọdún kan ló lọ yẹn. Àwọn oníbàárà tó ti kó aṣọ ọdún wá fún un kó o lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíì, àwọn kan kò sì padà wá mọ́.

Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé oṣù kan náà ni gbogbo oṣù, mo máa ń wo ojú rẹ̀.

Ìyá Ẹgbẹ́, ẹ má bínú sí mi o, ọ̀rọ̀ Mọ́ńdè Àjíǹde yín kan ibi tí mo sọ yìí. Ọdún Àjíǹde kì í dúró sójú kan. Ọjọ́ Mọ́ńdè rẹ̀ lè bọ́ sí 23 Máàṣì, ó sì lè lọ títí di 26 Épírì. Àsìkò òjò àkọ́rọ̀ gan-an nìyẹn. Òjò àkọ́rọ̀ kì í rọ̀ jẹ́jẹ́ bíi ti Júláì. Oòrùn á kọ́kọ́ mú ganrínganrín láti àárọ̀, ooru á máa lọ sókè, ìkúukùu á gbárajọ, tó bá fi máa di aago mẹ́ta tàbí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìjì á dé pẹ̀lú àrá. Aago yẹn sì ni àwọn èrò Àjíǹde máa ń pọ̀ jù lórí òkè, tí àwọn ọ̀dọ́ á máa sáré gun àtẹ̀gùn, tí wọ́n á máa ti àgbàlagbà. Ẹni tí orúnkún ń dùn kò gbọ́dọ̀ sí láàárín irú èrò yẹn.

Akápò ní tirẹ̀ kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Òjò máa ń sinmi díẹ̀ nínú Ọ́gọ́ọ̀sì lóòótọ́, afẹ́fẹ́ á tutù, oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ mú, àrá náà á dínkù. Ká ní àwọn géńdé ló ń lọ, mi ò bá ní kí wọ́n máa lọ. Àmọ́ omi Júláì ṣì wà lára àpáta, ewédò kò tíì kú, òjò wíríwírí ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré sì ti tó láti sọ gbogbo ibẹ̀ di ọbẹ̀ ilá. Kurukuru tún lè bo orí òkè mọ́lẹ̀ títí di ọ̀sán. Obìnrin mẹ́tàlélógún tí púpọ̀ nínú wọn ti lé ní àádọ́ta ọdún, rárá o.

Ẹni tó bá fẹ́ wo ọdún Orósùn, ìyẹn nìkan ni kò ní yíyàn, torí inú oṣù Méè ni wọ́n máa ń ṣe é. Kí onítọ̀hún lọ sí ìlú, kó bá wọn jẹ, kó bá wọn jó, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn onílé ibi tí àlejò lè dé àti ibi tí kò lè dé. Kó fi gígun òkè sílẹ̀ di ìgbà mìíràn.

ỌYẸ́ BO GBOGBO RẸ̀ MỌ́LẸ̀

Lẹ́yìn ohun tójú mi rí yẹn, mo ní tó bá jẹ́ òjò ni ìṣòro, ẹ̀ẹ̀rùn ni mo máa lọ. Oṣù Jánúárì ọdún 2019 ni mo padà lọ. Bàtà kánfáàsì ni mo wọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, mo ti gbọ́n.

Lóòótọ́, àpáta gbẹ. Ẹsẹ̀ mi ò yọ̀ rárá. Mo gun òkè dé ibi tó ga, mo yíjú láti wo ìlú nísàlẹ̀, kí ni mo rí? Funfun. Bí ẹni ta aṣọ tẹ́ńté síwájú mi. Òkè tó wà lódìkejì, tí kò jìnnà rárá, bí òjìji ló rí. Mo wọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, mo san owó àwọ̀n-ọn-nì, mo gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600, ọyẹ́ ni mo wá wò.

Ọyẹ́ yìí kì í ṣe ìrì, eruku ni. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni afẹ́fẹ́ ti ń gbé e bọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń wá láti ibì kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún omi ńlá kan wà láyé ọjọ́un kó tó gbẹ. Ilẹ̀ adágún yẹn ló fẹ́ bí ìyẹ̀fun tí afẹ́fẹ́ ń gbé, tó ń rìn ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, tẹ́ ẹ fi ń nu ọjà yín lójoojúmọ́ nínú Jánúárì. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée, kó má dán gígun òkè wò lásìkò náà. Obìnrin kan nínú àwọn tá a jọ lọ kò lè mí dáadáa mọ́ kó tó dé ìdajì àtẹ̀gùn, ó padà sísàlẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún ni oòrùn. Láàárọ̀, òtútù ọyẹ́ á mú kẹ́ ẹ máa gbọ̀n. Tó bá fi máa di aago méjìlá, àpáta ti gbóná bí agbada tí wọ́n fi ń din àkàrà. Omi tí mo gbé lọ́wọ́ tán kí n tó dé ààfin. Fẹ́búárì ló wá burú jù, torí òun àti Máàṣì ni ooru máa ń pọ̀ jù lọ́dún, koríko á ti gbẹ, iná oko á sì máa jó ní ìhín àti ọ̀hún.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ nínú Máàṣì, á fọ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́, ọjọ́ kejì rẹ̀ ojú á ríran jìnnà débi pé ẹ ó ya ẹnu. Àmọ́ ta ni yóò mọ ọjọ́ tí òjò yẹn máa rọ̀, kó tó lọ san owó bọ́ọ̀sì sílẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọ̀sẹ̀ Kérésì, ìbéèrè kan ni mo ní fún yín: ṣé ẹ̀ ń ta aṣọ lóòótọ́? Ọ̀sẹ̀ tí gbogbo ayé ń ra aṣọ ọdún, ẹ̀yin fẹ́ lọ gun òkè. Owó ọkọ̀ á gbówó lórí, àwọn awakọ̀ á máa sáré àsápajúdé, ọyẹ́ á ti wọlé, òkè náà á sì kún. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

ỌJỌ́ TÍ MO RÍ ÌDÀNRÈ

Ìgbà ẹ̀kẹta ni mo tó rí ohun tí wọ́n ń pariwo. Ìparí oṣù Nòfẹ́ńbà ọdún 2022 ni. A kò gbéra láti ilé lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. A sùn ní Àkúrẹ́, ó sì di aago méje àárọ̀ kó tó kù díẹ̀, a ti wà nídìí àtẹ̀gùn.

Ìrì ṣì wà nínú àfonífojì, ó sùn sáàárín àwọn òkè bí òwú. Bá a ṣe ń gùn ún, bẹ́ẹ̀ ló ń ká kúrò díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ ààbọ̀, gbogbo ìlú tẹ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀, òrùlé pẹ̀lú òrùlé, oko kòkó, ọ̀nà Àkúrẹ́, òkè lẹ́yìn òkè títí tí ojú kò lè bá a mọ́. Afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ́ ń fẹ́. Ewé ṣì tutù, odò kéékèèké ṣì ń ṣàn, àpáta sì gbẹ, ó di ẹsẹ̀ mú bí ẹní tuntun.

A dé ààfin, mo jókòó lábẹ́ àwọn òpó ère yẹn. Mo rò ó pé àwọn ìyá wa àtijọ́ ń gbé ọjà lórí gòkè, wọ́n ń gbé e sọ̀kalẹ̀, láìsí àtẹ̀gùn kankan. A dé ibi ẹsẹ̀ Agbóògùn. Wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá a mu, ó tóbi ni o, ó kéré ni o, àfi ẹsẹ̀ ẹni tó bá jẹ́ àjẹ́. Obìnrin méje wà nínú àwa tá a jọ lọ. Mẹ́fà ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹ̀keje ní òun ò bọ́ bàtà lórí òkúta tutù. Ẹ̀fẹ̀ yẹn la ṣe dé Àkúrẹ́.

Bàbá kan tó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún wà pẹ̀lú wa, káfíńtà ni. Ó dé gbogbo ibi tá a dé. Ó kàn ń rọra ni.

Ìdí tí àsìkò yẹn fi dáa kò ṣòro láti mọ̀. Òjò máa ń ká kúrò nílẹ̀ ní ìparí Ọ̀kítóbà tàbí ní ìbẹ̀rẹ̀ Nòfẹ́ńbà. Oòrùn á ní bí ọ̀sẹ̀ méjì láti fi sá àpáta gbẹ. Ewédò á kú, á ṣí kúrò. Eruku ọyẹ́ kò sì tíì wọlé dáadáa, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ẹ̀yìn àárín Dìsẹ́ńbà ló máa ń le. Nítorí náà, láti nǹkan bí 15 Nòfẹ́ńbà sí 10 Dìsẹ́ńbà, ilẹ̀kùn kékeré kan ṣí sílẹ̀ láàárín òjò àti ọyẹ́. Òun ni kẹ́ ẹ bá wọlé. Ọdún kì í dọ́gba ṣá, òjò àrọ̀kúrò lè pẹ́ kó tó lọ. Ẹ wá ẹnì kan ní Àkúrẹ́ tàbí ní Ìdànrè tẹ́ ẹ lè tẹ̀ láago ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kẹ́ ẹ bi í pé ìgbà wo ni òjò rọ̀ kẹ́yìn. Tó bá sọ pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan, ẹ máa bọ̀.

Ẹ tún máa gbọ́ òórùn kòkó lójú ọ̀nà, torí pé àsìkò kíkórè ni, wọ́n á ti máa sá a káàkiri. Ẹ sọ fún awakọ̀ kó rọra, lọ́rì tó ń kó kòkó máa ń pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn.

Àǹfààní mìíràn tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ lè yà sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà nígbà tẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀ láti Àkúrẹ́ gba Iléṣà. Ìtàkìtì omi Olúmirin wà níbẹ̀, ìpele méje ló ní. Ní oṣù Máàṣì, omi rẹ̀ á ti fà. Ní Nòfẹ́ńbà, ó ṣì ń dà gbuurugbu. Màmá tó kọ̀wé, ìpele àkọ́kọ́ ti tó yín, ẹ má tẹ̀lé ẹnikẹ́ni gun èyí tó kù, torí pé ibẹ̀ kì í gbẹ rárá.

Ọ̀rọ̀ orúnkún yín wá kù. Gígòkè kọ́ ló máa ń pa orúnkún lára jù, sísọ̀kalẹ̀ ni. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń gòkè, èémí lẹ máa wá, ẹ ó sì sinmi tó bá yá. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀, gbogbo ara ló ń já lé orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìwúrí pé ẹ ti ń lọ ilé á sì mú kẹ́ ẹ máa yára. Ẹ gbé ọ̀pá dání láti ilé. Ẹ máa kọ ẹ̀gbẹ́ sí àtẹ̀gùn nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀, kẹ́ ẹ máa fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ṣáájú, kẹ́ ẹ jókòó ní gbogbo ibi ìsinmi, bí àwọn yòókù bá fẹ́ kí wọ́n máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ fi bùbá àti ìró ńlá sílẹ̀ fún òde ìyàwó. Ṣòkòtò ni kẹ́ ẹ wọ̀, tàbí kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́ sábẹ́ ìró tó mọ ní orúnkún, pẹ̀lú bàtà tí ìdí rẹ̀ ní eyín. Kí kálukú gbé omi tirẹ̀, kì í ṣe pé kí gbogbo ẹgbẹ́ gbé ọ̀kan. Kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lọ rí dókítà rẹ̀ kó tó san owó. Tó bá jẹ́ pé ààwẹ̀ Ramadan bọ́ sí àsìkò tí ẹgbẹ́ kan yàn, kí wọ́n sún un síwájú, torí pé gígun òkè pẹ̀lú òùngbẹ kì í ṣe ìjọsìn.

Ẹ gba ẹni tó mọ ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó ibẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa tẹ ibi tó bá tẹ̀. Tí àrá bá sán, bó ti wù kó jìnnà tó, ẹ má dúró wo òjò, ẹ máa sọ̀kalẹ̀. Ẹ má sá sábẹ́ igi kan ṣoṣo, ẹ má sì fara ti irin.

Ìyá Ẹgbẹ́, mo mọ̀ pé ẹ máa sọ pé Nòfẹ́ńbà, ọjà ti ń gbóná. Ó ń gbóná lóòótọ́, kò tíì jó. Tí ẹ bá mú ọjọ́ Túsìdeè àti Wẹ́sìdeè ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú Nòfẹ́ńbà, ọjọ́ méjì péré lẹ pàdánù, èrò kò ní sí lórí òkè, ẹ ó sì ti padà sídìí ọjà yín kí àwọn oníbàárà Kérésì tó dé. Kí àwọn ọmọ ìṣẹ́ jókòó ti ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ méjì yẹn, ṣebí wọ́n ti mọ iye tí wọ́n ń tà á.

Kí n tó kọ èyí, mo pe télọ̀ ọjọ́sí lórí fóònù. Ọwọ́ rẹ̀ ti san tipẹ́, ó ní àfi tí ọyẹ́ bá mú ló máa ń ta òun. Mo sọ ohun tí mò ń kọ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní òun kò tíì rí ààfin Ọwá yẹn títí dòní, torí pé òun ò débẹ̀ tóun fi ṣubú, òun sì fẹ́ rí i. Màmá, tí àyè kan bá ṣẹ́kù nínú bọ́ọ̀sì yín, ẹ kọ̀wé sí mi. Yóò san owó tirẹ̀.